Ìdí Tí Rédíò Fi Ń Gbé Orin Fláàṣì Mì Lọ́nà Ìkirè

Ẹni tó bá ń wakọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tó ń fi mọ́dúlétọ̀ gbọ́ fújì Barrister, á ti rí i rí. Orin á máa lọ geere, kó tó dé Ìkirè tàbí Gbọ̀ngán, ohùn ẹlòmíì á já wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe fláàṣì ló bàjẹ́.

Mọ́dúlétọ̀ tí à ń tì bọ ihò iná inú ọkọ̀ jẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan. Ó ń ka orin látinú fláàṣì, ó sì ń fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́ lórí nọ́ńbà tí ẹ bá yàn fún un, bíi 87.9. Rédíò ọkọ̀ ló wá ń gbà á, bó ṣe ń gba Amúlùdùn 99.1 tàbí Splash 105.5 láti Ìbàdàn. Agbára mọ́dúlétọ̀ ò tó nǹkan, kò sì yẹ kó lọ jìnnà sí ọkọ̀ yín. Òpó ilé-iṣẹ́ rédíò ní tirẹ̀ ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì ṣiṣẹ́. Bí méjì bá pàdé lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, èyí tó lágbára jù ni FM ń gbé jáde, á sì bo ìkejì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ibi tí agbára wọn bá ti fẹ́ dọ́gba ni ariwo ṣááṣáá ti ń wá.

FM kì í rìn jìnnà bí AM, òkè a sì máa dí i lọ́nà. Nípa bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tó ṣófo n'Íbàdàn lè máà ṣófo nígbà tí ẹ bá fi máa dé Ifẹ̀. Ẹ yọ mọ́dúlétọ̀, ẹ yí rédíò títí ẹ ó fi bá ibi tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀tún àtòsì rẹ̀ náà dákẹ́, kí ẹ tó dá mọ́dúlétọ̀ padà sórí nọ́ńbà yẹn. Bí rédíò yín bá ní ihò wáyà tó ń lọ sínú fóònù, ẹ lo ìyẹn. Ó dára ju mọ́dúlétọ̀ lọ fíìfíì.

Níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ gbígbọ́ orin yàtọ̀ sí ti inú ọkọ̀. Télọ̀ kan l'Ápòmù lè fi orin Àyìnlá Ọmọwúrà ránṣọ látàárọ̀ dalẹ́, nítorí ọwọ́ ti mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà. Ṣùgbọ́n tó bá di ká wọn aṣọ ká sì gé e, ọ̀rọ̀ inú orin a máa bá oǹkà jà lọ́kàn. Ẹni tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà náà jàre. Jẹnẹrétọ̀ tún ń kó bá etí wa ní ṣọ́ọ̀bù: bó ṣe ń kùn, bẹ́ẹ̀ là ń gbé orin sókè. Òdiwọ̀n tí àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, tó di 88, wákàtí 4 péré ló kù. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, orin á tó yín gbọ́ láìgbé e sókè.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá nọ́ńbà lórí ìrìn. Tírélà pọ̀ lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá dúró ra dòdò Ìkirè ni kí ẹ tún un ṣe.