Kòkòrò ló jó ọmọ lọ́rùn, ìyá ọlọ́ṣẹ ni wọ́n dì mú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olè, kì í ṣe ti olóṣèlú. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ni. Bí ẹ bá ń rò ó pé kòkòrò kò tó ohun tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Kòkòrò tí kò ju eyọ ìrẹsì lọ ló fẹ́ tú ilé tí mò ń gbé ká, òun náà ló fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu obìnrin kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

ÒJÒ DÁ, INÁ DÉ

Létí Odò Ọ̀nà, n'Íbàdàn, ni ilé wa wà. Yàrá kọjú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà. Àbàtà ni ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn kan ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, koríko ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, kò sí irú kòkòrò tí kì í wọlé wá kí wa: èsúnsún, ẹ̀fọn, ìrẹ̀, àti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2023, òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe dá báyìí ni àwọn NEPA, bí a ṣe ṣì ń pè wọ́n, mú iná dé. Télọ̀ tó wà ní yàrá ẹnu ọ̀nà gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ iná funfun gbọọrọ tó wà níbẹ̀. Aṣọ ẹbí tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí àyè oorun. Kò pẹ́ rárá tí kòkòrò fi bo iná náà. Àwọn ọmọdé gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, wọ́n ń kó èsúnsún tó ń já bọ́ sínú rẹ̀, inú wọn ń dùn torí wọ́n máa dín in jẹ. Ooru ń mú ọmọ Ìyá Aláta nínú yàrá. Ọmọ ọdún méje ni. Ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló sì sùn sí.

Èmi fúnra mi gbọ́ tí Télọ̀ fi ọwọ́ gbá nǹkan mọ́ apá rẹ̀, tó ní, "Kòkòrò burúkú!" Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí.

"KÍ LO PÒ MỌ́ ỌṢẸ TÓ O TÀ FÚN MI?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, Ìyá Aláta fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tí yàrá àwọn méjèèjì kọjú síra, ló ti rà á. Ọjọ́ Sọ́ńdè mọ́, a kò tíì jí tán nígbà tí ariwo sọ. Ọrùn ọmọ ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi ata gígún kùn ún. Ìlà gbọọrọ kan ti abẹ́ etí rẹ̀ dé èjìká bí ojú pàṣán, ó sì ti ń lé ròrò. Irú rẹ̀ tún wà níbi tí apá rẹ̀ ti ń ká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ẹni tẹ òǹtẹ̀.

Ìyá Aláta kò wẹ̀yìn wò. Ó gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ. Ẹni tó máa ń pè ní "ẹ̀gbọ́n mi" láti ọjọ́ yìí wá, ìwọ ló ń bá a sọ.

"Jáde síta! Kí lo pò mọ́ ọṣẹ tó o tà fún mi? O ti bó ọmọ mi lára!"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ jáde, ìró rẹ̀ kò tíì so dáadáa. Ó ní, "Ìyá Aláta, ẹ fara balẹ̀. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni mo fi sè é, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Òun náà ni mo fi wẹ̀ lánàá."

Ta ni yóò gbọ́? Ará ilé kan ti dá a lẹ́jọ́: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n da karosíìnì sójú egbò náà, Ọlọ́run ló ní kí Baba Onílé gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ dé ọjà. Ẹyin lohùn, ẹ kúkú mọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn tó ń ta ata ti sọ fún àwọn tó ń ta gaàrí, àwọn tó ń ta gaàrí ti sọ fún àwọn aláṣọ. Oníbàárà kan gbé odindi igbá ọṣẹ kan padà wá, ó ní kí wọ́n fún òun lówó òun. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó ti ọjà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ta ti kọ́bọ̀. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló wà nínú ọṣẹ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbọ́ tó ń sunkún nínú yàrá rẹ̀, ó rọra ń sun ún kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ BÉÈRÈ Ọ̀RỌ̀ MẸ́TA

Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè, ojú ọmọ náà kan ti wú, kò lè là á dáadáa. Mo bá Ìyá Aláta gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí wa. Kí a tó débẹ̀, ó ti ro ẹjọ́ ọṣẹ fún mi ní ìgbà mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló dá wa lóhùn. Ó wo ọrùn ọmọ, ó wo apá rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ọrùn nìkan lẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ni, àbí gbogbo ara?"

Ìyá Aláta ní gbogbo ara ni.

"Kí ló dé tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi bó? Kí ló dé tí ikùn rẹ̀ ń dán?"

Ìyá Aláta dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì tún béèrè pé, "Níbo ló sùn ní ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì kí èyí tó yọ? Ṣé iná wà níbẹ̀?" A ní lábẹ́ iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ló tún ní irú rẹ̀ nínú ilé yín?"

Mo fẹ́ sọ pé kò sẹ́nì kankan, ni mo bá rántí Télọ̀. Láti ọjọ́ Sọ́ńdè ló ti fi aṣọ wé apá, ó ní áyọ́ọ̀nù ló jó òun. Áyọ́ọ̀nù wo ló ń jóni tí ènìyàn kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ kejì?

KÒKÒRÒ WO NI?

Èyí ni àlàyé tí nọ́ọ̀sì ṣe, tí èmi náà sì lọ wádìí síwájú sí i. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó fẹ́ jọ èèrà. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àárín rẹ̀ ń dán bí aró, ikùn rẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ dúdú. Bí ó bá ń sáré, ó máa ń gbé ìdí sókè bí àkeekèé. Ó ní ìyẹ́, ó ń fò. Paederus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ni Nairobi fly, nítorí ìlú Nairobi ní Kenya, níbi tó ti yọ wọ́n lẹ́nu gidigidi ní ọdún 1998 lẹ́yìn òjò ńlá El Niño. Wọ́n ń pè é ní eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eṣinṣin rárá.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: kòkòrò yìí kì í jẹni, kì í sì í tani. Bí ó bá rìn lára yín tí ẹ kò fọwọ́ kàn án, á kọjá lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oró kan wà nínú ara rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pederin. Bí ẹ bá gbá a pa tàbí tí ẹ sùn lé e mọ́lẹ̀, oró yẹn á kan yín lára. Kì í ro yín lójú ẹsẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì, nígbà mìíràn ó di ọjọ́ kẹta, kí ó tó pọ́n, kí ó tó lé ròrò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń di ẹ̀bi ru ohun tí wọ́n lò lẹ́yìn rẹ̀: ọṣẹ, ìpara, aṣọ òkìrìkà, oúnjẹ, tàbí aládùúgbò. Ibi tí ara bá ti kan ara, bí ìká apá, ló ti máa ń di méjì. Bí ọwọ́ tó ní oró yẹn bá sì nu ojú, ojú á wú.

Àbàtà, etí odò, oko ìrẹsì àti abẹ́ ewé jíjẹrà ni ilé rẹ̀. Ó ń jẹ àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń ba irè oko jẹ́, nítorí náà ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni. Iná ló ń fà á wọlé wá bá wa lálẹ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni kòkòrò ń bá gbélé. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba ní tiwọn, kòkòrò róbótó kan tó pupa tó ní àmì tóótòòtó, tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá. Ọdún 1988 ni wọ́n rí i pé ó ti ń bí sí i fúnra rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ó sì dé Ìlú Ọba ní ọdún 2004. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, á kó ọ̀wọ́ rẹ̀ wọ ilé. Èyí kì í jóni lára bíi tiwa, àmọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pa, á rùn, á sì ta omi ìyeyè sí ògiri. Wọ́n á gbá a jáde ni. Ẹ̀kọ́ kan náà ni: má tẹ̀ ẹ́ pa.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE PARÍ

Lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, mo dúró ti iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí mo fi rí ọ̀kan lára ògiri. Mo fi ìwé gbé e sínú ìgò, mo sì pe gbogbo ilé. Télọ̀ wò ó, ó tú aṣọ apá rẹ̀, ìlà kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Irú èyí ni mo gbá pa lọ́jọ́ Jímọ̀!"

Ìyá Aláta kúnlẹ̀ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ nínú ilé. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, "Mo ti gbọ́. Ìgbà tó o bà mí jẹ́, ṣé inú ilé nìkan lo ti bà mí jẹ́ ni?"

Òótọ́ ni. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, Ìyá Aláta lọ bá Ìyálọ́jà, ó sì sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọlọ́jà. Ó ní òun purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n òun láìmọ̀. Ó bu omi sínú abọ́, ó bù nínú ọṣẹ yẹn gan-an, ó fi fọ ojú rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì ra igbá ọṣẹ tí oníbàárà dá padà. Nírọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà ti ń padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ọjọ́ méjì ti lọ ní tirẹ̀, ìyẹn kò ní padà. Egbò ọmọ náà jinná kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ojú rẹ̀ là dáadáa, àpá dúdú díẹ̀ ló kù lọ́rùn.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Èkíní, bí ẹ bá rí i lára yín, ẹ má gbá a. Ẹ fẹ́ ẹ dànù, tàbí kí ẹ jẹ́ kó gun bébà, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n síta.

Èkejì, bí ẹ bá ti ṣèèṣì pa á, ẹ tètè fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ibẹ̀ àti ọwọ́ yín. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà? Ọṣẹ tí wọ́n ń bú gan-an ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ má fi ọwọ́ nu ojú. Ẹ fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ àti èyí tí ẹ fi bora.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti yọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì bọ omi tútù lé e. Ẹ má bẹ́ ròrò náà. Ẹ má da karosíìnì sí i, ẹ má sì ra ìpara àpòpọ̀ kiri. Bí ó bá kan ojú, tàbí tó bá ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Kì í ràn, nítorí náà ẹ má lé ọmọ yín sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹrin, lásìkò òjò, ẹ pa iná tí ẹ kò bá lò, ẹ ti fèrèsé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sùn lábẹ́ iná. Ẹ gbọn ẹní àti ìrọ̀rí kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ gé koríko tó yí ilé ká.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má tìtorí kòkòrò fọ́n ọ̀tá-pia-pia sí yàrá tí ènìyàn ń sùn. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti dá títa dichlorvos onígò kékeré dúró, nítorí ó ń ṣekú pani.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín lóru, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín, ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè, kí ẹ wo ohun tó ń rìn lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ ní ilé tiyín, ẹ kọ̀wé sí wa, ojú ìwé àwọn òǹkàwé ń dúró dè yín. Ire o.