Kí Ló Ń Pa Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́, Kí Ló sì Ń Mú Un Pẹ́?

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, a ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí ìdánwò bá dé, a ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohùn orí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti san owó ẹgbẹ́ rí mọ̀ pé ìyàtọ̀ wọn kò kéré. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tí mo bá nílẹ̀ nígbà tí mo wọlé ni kò sí mọ́ báyìí. Ìdìbò ń bọ̀, àwa ọmọ ọdún kẹrin sì ń palẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń pa ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àti ohun tí àwọn olóyè tuntun lè ṣe sí i. Mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ èdè àti eré orí ìtàgé fún sáà ẹ̀kọ́ méjì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ọmọdé ni. Ní ọdún 1925, ní Lọ́ńdọ̀nù, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1926 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tiwọn. Láti 1929 títí di 1932, Ṣólàńkẹ́ rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, ó ń wá owó ilé ibùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1933 wọ́n ṣí ilé náà. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ní ìwé, wọ́n ní owó, wọ́n ní ilé, wọ́n sì ní ẹ̀ka. Ẹgbẹ́ náà kò gbé orí ènìyàn kan ṣoṣo.

Ìṣòro tó jẹ́ tiwa

Ẹgbẹ́ tí àwọn ìyá wa ń ṣe lọ́jà lè lo ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú ojú kan náà. Bí ìwé bá sọnù, Ìyá Ẹgbẹ́ ṣì rántí ẹni tó jẹ gbèsè. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé ní ọdún kìn-ín-ní, á joyè ní ọdún kẹta, á sì lọ ní ọdún kẹrin. Láàárín ọdún mẹ́rin, gbogbo ẹni tó mọ ìtàn ẹgbẹ́ ti kúrò nínú ọgbà. Bí ìfàlélọ́wọ́ bá já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ ti di ọmọ òrukàn.

A rí i nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU ní 2022, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì tí ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ náà, ìdánwò ni gbogbo ènìyàn ń sáré bá. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa jáde láìrí àyè fa ohunkóhun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó ní àkọsílẹ̀ jí padà. Èyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí fóònù ààrẹ nìkan kò jí.

Ìwé òfin àti ìforúkọsílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọn a máa béèrè ìwé òfin, orúkọ àwọn olóyè, àti olùkọ́ kan tí yóò jẹ́ olùdámọ̀ràn. Láìsí èyí, ó ṣòro láti gba gbọ̀ngàn. Ẹ má kàn da ìwé òfin ẹgbẹ́ mìíràn kọ. Ẹ rí i pé tiyín dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ènìyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ wà kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu? Báwo ni a ṣe ń yọ olóyè tí kò ṣiṣẹ́? Ta ni ń ṣàkóso bí ilé ẹ̀kọ́ bá tì pa láìròtẹ́lẹ̀?

Owó

Ibí yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ san ₦1,000 kọ̀ọ̀kan; ₦60,000 nìyẹn. Bí ó bá wọ àkáǹtì akápò fúnra rẹ̀, yóò dàpọ̀ mọ́ owó oúnjẹ rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní láti jẹ́ olè kí ìṣirò tó dàrú. Ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ó jẹ́ pé olóyè méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kí akọ̀wé owó máa gba owó, kí ó sì máa já rìsíìtì. Kí akápò máa tọ́jú rẹ̀. Kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe olóyè yẹ ìwé wò ní ìparí sáà. Ẹ ka ìṣirò náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́, títí kan owó epo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ná owó rẹ̀ kì í lọ́ra láti san òmíràn.

Ìpàdé àti àkọsílẹ̀

Àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í ṣe ìtàn ẹni tó bínú àti ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́, iye ènìyàn tó wá, ohun tí a pinnu, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀: ó tó. Ìjíròrò orí WhatsApp kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dara pọ̀ lọ́la lè má rí ohun tí a sọ lánàá. Kí ẹgbẹ́ ní àdírẹ́sì ímeèlì tirẹ̀, kí gbogbo ìwé wà níbẹ̀, kí olóyè tuntun sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́jọ́ tó bá gbàṣẹ.

Ìfàlélọ́wọ́

Ẹ má fi ìdìbò sí ìparí sáà kejì, nígbà tí ọkàn gbogbo ènìyàn ti wà lórí ìdánwò. Ẹ dìbò ní oṣù kan ṣáájú, kí àwọn olóyè àtijọ́ àti ti tuntun jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ títí sáà yóò fi parí. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ní sílẹ̀: aṣọ eré mélòó, ìlù mélòó, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n wà. Gángan méjì wà nínú àwòrán àtijọ́ ẹgbẹ́ tiwa. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wọlé sí. Kí olóyè kọ̀ọ̀kan sì ní igbákejì láti ọdún kejì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ ní iṣẹ́ nínú èyí. Bí ìwé ìpàdé, àwòrán tàbí ètò eré àtijọ́ bá wà nínú àpótí yín, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́. Ó lè wúlò ju owó lọ. Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ fẹ́ du ipò, kí ẹ tó tẹ páńfúlẹ́ẹ̀tì ìpolongo, ẹ lọ béèrè ìwé àkọsílẹ̀ àti ìṣirò owó lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Bí wọn kò bá ní, ẹ ti mọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín.