Omi Mímọ́ àti Omi Aláìléwu: Ọ̀rọ̀ lórí Ásẹ́níìkì

Ásẹ́níìkì jẹ́ ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì tí ó máa ń yòrò láti ara òkúta àti erùpẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ wọ inú omi. Orúkọ àyálò yìí ni a yàn, nítorí pé májèlé pọ̀ ní oríṣiríṣi. Kò ní àwọ̀ tàbí òórùn nínú omi. Ẹni tí ó bá ń mu ún fún ọdún púpọ̀ lè ní àrùn jẹjẹrẹ.

Ní ilẹ̀ Bangladesh, a gbẹ́ àìmọye kànga onípáìpù láàrin ọdún 1970 sí 1990, kí àwọn ará abúlé má baà mu omi adágún tí ó kún fún kòkòrò àrùn mọ́. Ní ọdún 1993 ni a rí ásẹ́níìkì nínú irú kànga bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń yẹ kànga wò láti abúlé dé abúlé. Èyí tí ó bá ju máíkírógíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kùn ún. Èyí tí kò jù bẹ́ẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Báyìí ni aládùúgbò ṣe ń pọn omi ní kànga ẹnìkejì rẹ̀.

Ṣé kí a kọ́ wọn láti máa se omi náà? Rárá o. Iná a máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń gbẹ ni ásẹ́níìkì ń ki sí i. Nítorí náà, a dábàá “omi mímọ́” fún èyí tí ó mọ́ lójú, àti “omi aláìléwu” fún èyí tí a ti yẹ̀ wò. Kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ má ṣe da méjèèjì pọ̀.