Ìdí Tí Áàpù Kan Kì í Fi Gbọ́ Ìkéde Fóònù

Lóṣù tó kọjá, odindi ọjọ́ méjì ni mi ò fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Oògùn kò tán, mi ò sì ṣe oríkunkun. Áàpù tó máa ń rán mi létí ní aago méje àárọ̀ ló dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi náà ti gbára lé e débi pé, tí kò bá tíì dún, mo gbà pé kò tíì tó àkókò nìyẹn. Ìgbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi lọ́jọ́ kẹta ni mo tó ka hóró tó kù nínú páálí, mo sì rí i pé méjì lé. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá mi lọ́jọ́ náà wò mí bí ìgbà tí ìyá bá ká ọmọ mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tẹ́lẹ̀ ló kọ áàpù náà fún mi. Mo pè é. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ṣé fóònù yín kú láìpẹ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iná lọ fún ọjọ́ kan ààbọ̀, bátìrì sì tán pátápátá. Ó ní, "Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn sà." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan la fi tú u wò. Ohun tí a rí yóò wúlò fún ẹni tó ń kọ áàpù, yóò sì wúlò fún ẹni tó kàn ń lò ó.

Kí ni ìkéde tí à ń sọ?

Nínú fóònù Android, bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ètò tó ń darí fóònù a máa kéde rẹ̀ bí akéde ṣe ń lu agogo káàkiri ìlú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fóònù: ó kéde. A ti okùn ṣájà bọ̀ ọ́: ó kéde. Bátìrì fẹ́ tán, tàbí ẹnì kan yí aago padà: ó kéde. Broadcast ni àwọn oníṣẹ́ ń pe irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Áàpù tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà kan nínú kóòdù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BroadcastReceiver. Ẹ jẹ́ ká kàn máa pè é ní etí áàpù.

Kí wá ni áàpù oògùn fẹ́ fi ìkéde ṣe? Ṣé ẹ rí i, áàpù yẹn kì í jókòó máa wo aago láti àárọ̀ dalẹ́. Ńṣe ló máa ń sọ fún AlarmManager, tí í ṣe olùtọ́jú aago inú fóònù, pé, "Tó bá di aago méje, kó o jí mi." Lẹ́yìn náà, ó lọ sùn. Àmọ́ tí fóònù bá kú, gbogbo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló ń parẹ́. Nígbà tí fóònù bá fi máa tún tàn, AlarmManager kò rántí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìkéde kan wà tó ń jẹ́ BOOT_COMPLETED, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fóònù ti tàn tán. Ìkéde yìí ni áàpù gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó lè dìde lọ tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Tí kò bá gbọ́ ọ, kò ní mọ̀ pé àdéhùn ti bàjẹ́, fóònù kò sì ní fi àṣìṣe kankan hàn yín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán lẹ máa bá, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ọmọkùnrin yìí ni pé kò fún áàpù náà ní etí rárá. Ó rò pé àdéhùn aago máa ń wà títí. Ó kọ etí sí i, ó dán an wò lórí fóònù tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí mi, mo gbé e sórí fóònù, mo ṣí i, mo rí i pé aago méje ti wà níbẹ̀. Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pa fóònù, mo tún un tàn kí n lè dán an wò. Nígbà tó di aago méje òwúrọ̀, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kò dún. Mo pè é. Ó ní, "Lórí fóònù tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ o, sà."

Kò sí ẹni tó ti kọ kóòdù rí tí kò tíì sọ gbólóhùn yẹn. Ó ti fẹ́ máa yí kóòdù padà níbí, padà lọ́hùn-ún. Mo ní kó fara balẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè lẹ́sẹẹsẹ.

Ìbéèrè kìíní: ṣé orúkọ áàpù wà nínú ìwé?

Gbogbo áàpù Android ló ní fáìlì kan tó ń jẹ́ AndroidManifest.xml. Ibẹ̀ ni áàpù ti ń sọ fún fóònù pé, "Èyí ni mo jẹ́, èyí sì ni mo fẹ́ gbọ́." Fún ìkéde tàn-tán yìí, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ tó ń jẹ́ RECEIVE_BOOT_COMPLETED. Èkejì ni orúkọ etí náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni orúkọ ìkéde tí etí fẹ́ gbọ́, kí a kọ ọ́ pé pérépéré: android.intent.action.BOOT_COMPLETED. Tí lẹ́tà kan péré bá yẹ̀, tàbí tí lẹ́tà ńlá di kékeré, ìkéde kò ní dé, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún yín.

Láti Android 12 (2021), nǹkan kẹrin ti wọ̀ ọ́. Áàpù tí a kọ fún ẹ̀yà yẹn tàbí èyí tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ sọ nínú ìwé yìí, pẹ̀lú android:exported, bóyá àwọn ará ìta lè kan ilẹ̀kùn irú etí bẹ́ẹ̀ tàbí wọn ò lè kàn án. Tí kò bá sọ ọ́, kò ní ṣeé gbé sórí fóònù rárá. Èyí dára lójú tèmi, nítorí ó sàn kí áàpù pariwo níwájú ẹni tó kọ ọ́ ju kó dákẹ́ níwájú ẹni tó ń lò ó.

A yẹ tiwa wò. Gbogbo rẹ̀ pé.

Ìbéèrè kejì: ṣé irú ìkéde tí wọ́n ṣì ń mú délé ni?

Láyé àtijọ́, áàpù tó ń sùn lè gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkéde. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ogún áàpù lè ta jí lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo wọn máa fa bátìrì àti mẹ́mórì. Google wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ní Android 7.0 (2016), wọ́n dá ìkéde íntánẹ́ẹ̀tì, CONNECTIVITY_ACTION, dúró fún áàpù tó bá kàn kọ orúkọ sílẹ̀ nínú manifest. Ní Android 8.0 (2017), wọ́n fa ìdènà náà dé orí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìkéde tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ayé láìdárúkọ áàpù kan pàtó.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú 2016 fi lè ṣe ohun gbogbo bí ìwé ṣe wí, kó má sì gbọ́ nǹkan kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ó lè fi registerReceiver ṣí etí náà nígbà tí áàpù bá wà lójúfò, kó sì mọ̀ pé etí yẹn máa kú tí áàpù bá kú. Ó sì lè gbé iṣẹ́ náà fún WorkManager, kó sọ fún un pé, "Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wà, bá mi ṣe èyí."

Àmọ́ wọ́n yọ àwọn ìkéde kan sílẹ̀ nínú òfin náà. Ìkéde tàn-tán wà lára wọn, ìkéde pé a yí aago padà àti pé a yí èdè padà náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, ibí yìí kọ́ ni tiwa ti bàjẹ́.

Ìbéèrè kẹta: ṣé áàpù náà wà ní ipò tó ti lè gbọ́?

Ọmọkùnrin náà wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó fi okùn so fóònù mi mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ adb shell dumpsys package, ó sì kọ orúkọ áàpù náà tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ yalẹ̀ bí òjò. Ó ń wò ó lọ, ó wá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: stopped=true. Ó gbójú sókè, ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tẹ Force stop ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí iná ti di ọ̀wọ́n, mo máa ń wọ Settings lálaalẹ́, áàpù yòówù tí mo bá rí tó ń lo bátìrì, mo máa ń tẹ Force stop fún un, kí ṣájì lè dúró dàárọ̀. Mo rò pé ìmọ́tótó ni mò ń ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dán áàpù tuntun náà wò, mo ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó pa fóònù.

Láti Android 3.1 (2011) ni òfin yìí ti wà: áàpù tí ẹni tó ni fóònù bá fi Force stop dá dúró kò ní gbọ́ ìkéde kankan láti ọ̀dọ̀ fóònù. Pípa fóònù àti títàn án kò tú u sílẹ̀. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni áàpù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí fóònù tí a kò tíì ṣí rí. Yàtọ̀ sí èyí, Force stop a tún máa fagi lé àdéhùn aago tí áàpù náà ti ṣe. Ìyẹn ni pé, bí mi ò tilẹ̀ pa fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, aago méje ì bá ti kọjá láìdún.

Òfin yìí dára. Ẹni tó bá ní kí áàpù dákẹ́, ó yẹ kó dákẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó sọ fún mi pé bọ́tìnnì yẹn ju "sinmi díẹ̀" lọ. Ẹ fọkàn sí i pé fífi ìka gbá áàpù kúrò lójú fóònù kì í ṣe Force stop lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn fóònù kan wà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti fi ìdènà tiwọn kún un: èèyàn gbọ́dọ̀ wọ Settings lọ gba áàpù láyè láti máa dìde fúnra rẹ̀, kó tó lè gbọ́ ìkéde tàn-tán.

Ìbéèrè kẹrin àti ìkarùn-ún

A ti rí tiwa, àmọ́ ẹ lè má bá tiyín níbẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá àkókò ìkéde náà ti tó. Láti Android 7.0, lórí fóònù tó ní PIN, BOOT_COMPLETED kì í sábà jáde àyàfi tí ẹni tó ni fóònù bá tẹ PIN rẹ̀. Tí fóònù bá pa ara rẹ̀ tàn ní òru nítorí pé ó ń gba ẹ̀yà tuntun, tí ẹ sì ń sùn, ó lè jẹ́ pé kò tíì sí ìkéde nìyẹn. Èyí tó máa ń jáde ṣáájú PIN ni LOCKED_BOOT_COMPLETED. Áàpù tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ sọ nínú manifest pé òun jẹ́ directBootAware, kò sì gbọ́dọ̀ tọ́jú ohun tó nílò nígbà náà síbi tí PIN ṣì tì pa.

Ẹ tún bèèrè bóyá áàpù gbọ́ tí kò sì lè parí iṣẹ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni etí ní láti fi ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Tó bá lọ dúró de íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ètò Android lè pa á. Ó sì lè jẹ́ pé ohun mìíràn ló kù: láti Android 13 (2022), áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ kó tó lè fi ìfilọ̀ hàn. Tí ẹ bá ti sọ pé rárá nígbà tó bèèrè, ó lè gbọ́, kó jí, kó má sì rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ áàpù lè yanjú èyí kíákíá: kó kọ ìlà Log kan sí ìbẹ̀rẹ̀ onReceive, kó sì máa wo logcat. Tí ìlà yẹn bá jáde, etí gbọ́ nìyẹn. Kó lọ wá àṣìṣe rẹ̀ níwájú. Tí kò bá jáde, kó padà sẹ́yìn lọ síbi ìbéèrè kìíní.

Ohun tí a ṣe sí i

Kò sí kóòdù tó lè mú kí áàpù gbọ́ ìkéde lẹ́yìn Force stop. Nítorí náà, ọmọkùnrin náà ṣe nǹkan méjì. Nígbàkígbà tí mo bá ṣí áàpù, ó kọ́kọ́ máa wò ó bóyá àdéhùn aago ṣì wà. Tí kò bá sí, ó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Android 15 (2024) pàápàá ti ń ran irú èyí lọ́wọ́: nígbà tí a bá ṣí áàpù tó ti wà ní ipò ìdádúró, fóònù máa fi BOOT_COMPLETED ránṣẹ́ sí i nígbà náà. Èkejì ni pé ojú ewé àkọ́kọ́ áàpù náà ti ń sọ ìgbà tó dún kẹ́yìn àti ìgbà tó tún máa dún. Tí kò bá dún, mo lè rí i fúnra mi.

Èmi náà ti ṣíwọ́ Force stop. Mo sì ra páálí oògùn oníhò méje, ihò kan fún ọjọ́ kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi mi. Tí iná bá lọ, tí bátìrì kú, tí akéde kò sì dé ilé ẹnikẹ́ni, ihò tí oògùn ṣì wà nínú rẹ̀ á sọ fún mi pé mi ò tíì lò ó.

Tí ẹ bá ní òbí tàbí àgbà tó gbẹ́kẹ̀ lé irú áàpù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn pa fóònù náà lónìí, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì dúró wò ó bóyá yóò dún.