Ta Ni Yóò Gba Àwọn Ọ̀mọ̀wé Wa Síṣẹ́ Ìwádìí?

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni orí fún orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó ń gba oyè náà tán tí wọn kò rí ibi tí wọn yóò ti lò ó. Iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kò tó wọn í pín.

Ní òkè òkun, iṣẹ́ kan wà tí ó dà bí afárá láàrin oyè ọ̀mọ̀wé àti iṣẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ ìwádìí ni, ó sì ní gbèdéke: ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí a bá gbà kì í sábà kọ́ ọmọ púpọ̀. Ìwádìí ni yóò máa ṣe lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, tí yóò sì máa tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde.

Ní Jámánì, Àjọ Alexander von Humboldt, tí a dá sílẹ̀ ní 1953, ń gba ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè gbogbo. Ẹni tí kò tíì ju ọdún 4 lọ lẹ́yìn oyè rẹ̀ lè tọrọ oṣù 6 sí 24. Ètò Marie Skłodowska-Curie ti ilẹ̀ Yúróòpù náà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ju oṣù 12 lọ ní ilẹ̀ tí ó fẹ́ lọ, láàrin oṣù 36 tí ó ṣáájú ọjọ́ ìparí ìwé, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Nínú méjèèjì, ẹni tí ń tọrọ ni yóò fúnra rẹ̀ wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò gbà á lálejò. Kí ó má ṣe da lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Kí ó kọ́kọ́ ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Kí ó sì sọ, lójú ìwé kan péré, ohun tí òun ti rí, ohun tí òun fẹ́ wá, àti ìdí tí ó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ó bèèrè ẹni tí yóò san owó oṣù, àti bí aya òun ọmọ yóò ṣe gbé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ó san owó kí òun tó fún un níṣẹ́, gbájú-ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n gbèdéke kò ní ṣàì pé. Ẹlòmíràn a máa ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, kò ní ilé níbẹ̀, kò ní iṣẹ́ níhìn-ín. Ta ni ó pàdánù bí kò ṣe àwa tí a tọ́ ọ?

A kò ṣàìmọ ọ̀nà. Ní 1956, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá kalẹ̀, a sì fi Ọ̀mọ̀wé Sàbúrì Bíòbákú ṣe olórí rẹ̀. Ní 1962, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Bí a bá ṣe é nígbà náà, kí ni kò jẹ́ kí yunifásítì wa kọ̀ọ̀kan ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọ̀nà òkèèrè han àwọn ọmọ yín, ẹ sì bá wa ké sí ìjọba. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ṣùgbọ́n ilé tí a kò kọ́, ta ni yóò bọ̀ sínú rẹ̀?