Bí ọ̀gá bá ní "we have to let you go", ẹ má tíì dúpẹ́ o!

Bí a bá ní lágbájá ti na pápá bora, gbogbo wa la mọ̀ pé ó sá lọ ni. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó bá ń tú u lẹ́yọ lẹ́yọ á máa wá irú pápá téèyàn ń fi bora bí aṣọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe ń ṣe wá nìyẹn, ibi iṣẹ́ ló sì ti máa ń dunni jù.

Ẹ wo ọ̀gá tó pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó, tó fẹ̀sọ̀ sọ pé "we have to let you go". Ẹni tó bá tú u bó ṣe wà á rò pé wọ́n ní kóun tètè máa lọ sílé lọ́jọ́ náà ni. Irọ́ ni o! Iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Kò yàtọ̀ sí "sack" tí gbogbo wa mọ̀. Àpò ni sack, àlàyé táwọn èèyàn sì máa ń ṣe ni pé inú àpò làwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń kó irinṣẹ́ wọn sí láyé ijọ́un. Bí ọ̀gá bá ti gbé àpò lé wọn lọ́wọ́, ó parí.

Bí wọ́n bá tún ń sọ̀rọ̀ "golden handshake", kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ bọ̀ yín lọ́wọ́. Owó tó jọjú ni wọ́n fi ń sìnnìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè iye tó jẹ́! "Small print" ńkọ́? Lẹ́tà wínníwínní inú ìwé àdéhùn ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tó le máa ń sá pamọ́ sí. "Red tape" ní tiẹ̀ wá látara okùn pupa tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń di ìwé. Lónìí, "lọ lónìí, wá lọ́la" ọ́fíìsì ìjọba ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "kick the bucket". Láti ọdún 1785 ni Francis Grose ti kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ikú ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni o. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọ̀gá tí bàbá rẹ̀ ṣaláìsí, ìyẹn ni kéèyàn máa fi òkú ṣàwàdà lójú ọmọ olóòkú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí Gẹ̀ẹ́sì kan bá rú yín lójú, ẹ má mi orí bí alángbá. Ẹ ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ní lọ́kàn gan-an?" Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ìwé téèyàn bá ti buwọ́ lù, ó ṣòroó gbà padà.