Bí A Bá Ń Wa Mọ́tò Re Kútọnu àti Lòmé

 Ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣòwò Ìgèdè àti agbègbè Adó ló máa ń dá owó jọ, tí a ó gba ọkọ̀ kan, tí a ó sì forí lé Kútọnu tàbí Lòmé lọ ra aṣọ. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n owó tí ẹlòmíràn yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ló wà nínú àpò yẹn, àwọn onídùúró rẹ̀ sì wà nílé. Bí owó náà bá tán sí ẹnubodè, gbèsè kò ní torí ìyẹn tán. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ìgèdè.

Àwọn àgbà wa kò gbàgbé ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ìsọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n sì sá wálé. Lóde òní, àdéhùn wà. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Ní 1979, ní ìlú Dakar, wọ́n fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kí ó gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Mọ́tò ti ara ẹni náà ní 90 ọjọ́. Ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní 15 ọjọ́ péré, kò sì gbọdọ̀ máa kó èrò ibẹ̀ láti ìlú kan dé èkejì kí ó fi pa owó. Ẹ̀tọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ló lè bèèrè rẹ̀.

Àwọn ìwé náà nìyí:

Èkínní, pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Èkejì, láísẹ́ǹsì awakọ̀.

Ẹ̀kẹta, ìwé ọkọ̀. Ẹ wò ó kí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì bá ti inú ìwé mu. Bí ọkọ̀ kì í bá ṣe tiyín, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ti ọkọ̀, tó fi hàn pé ẹ ó wà á padà wálé. Owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú u títí ẹ ó fi dé ilé.

Ẹ̀karùn-ún ni Brown Card, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ìwé ìnṣọ́ọ̀ránsì ni, tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982. Àwọn ará Yúróòpù ti ń lo irú rẹ̀, aláwọ̀ ewé, láti 1953. Bí ọkọ̀ yín bá kọlu ènìyàn ní Tógò tí ẹ kò ní in, wọ́n lè dá ọkọ̀ àti awakọ̀ dúró, owó ọjà ni ẹ ó sì fi gba ara yín sílẹ̀. Bí ẹ bá ní in, ọ́fíìsì Brown Card ti Tógò ni yóò bójú tó ọ̀rọ̀ náà, tí yóò sanwó fún ẹni tó fara pa gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀, tí yóò sì gba owó rẹ̀ padà láti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹni tí ẹ ṣe léṣe ló wà fún. Kì í san owó mọ́tò yín tó bàjẹ́, kì í sì í san owó aṣọ tó jóná nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ọ̀ránsì yín nílé ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń rìn kiri ní Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà kù. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà bíi tiwa. Àwa yí i padà ní oṣù kẹrin 1972, Gánà ní oṣù kẹjọ 1974. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ àmì ní Benin àti Tógò: “Douane” ni kọ́sítọ́ọ̀mù, “Péage” ni tóògéètì. Sẹfà ni wọ́n ń ná níbẹ̀, sídì ni ti Gánà. Bí ẹ bá kọjá Hillacondji wọ Tógò, ẹ fa aago yín sẹ́yìn ní wákàtí kan. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ má sáré, ẹ má sì rìn lóru.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ bèèrè bóyá ibodè ṣí. Láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020 ni ìjọba wa fi tì í pa. Ẹ bèèrè owó ibodè aṣọ pẹ̀lú, kí ẹ kà á mọ́ iye tí ẹ ó yá. Ní ti mọ́tò, ìjọba ti fi òfin de kíkó o gba orí ilẹ̀ wọlé láti 2017, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀pọ̀ owó fà yín.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́